Mo fẹ́ fín Ìbàdàndùn sójú àpótí pẹ́dà gìtá (alumíníọ̀mù): ṣé ferric chloride á ṣe é?

Gìtá_Kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àpótí 1590B ló wà nílẹ̀, èyí tí wọn ò kùn lọ́dà, 112 mm ní gígùn, 60 mm ní ìbú. Pẹ́dà gìtá (ẹ̀rọ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà) ló máa wà nínú ẹ̀: nọ́ọ̀bù méjì, súwíìṣì ẹsẹ̀ kan, iná LED kan. Àdìrẹ Ìbàdàndùn ni mo fẹ́ kó wà lójú ẹ̀, àwọn òpó Mápó pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn. Ìgò ferric chloride kan wà, irú èyí tí a fi ń jẹ pátákó sákíìtì. Ṣé kí n kàn kì í bọ inú ẹ̀ ni? Ṣé kí n kọ́kọ́ lu ihò, àbí kí n fín in tán ná? Báwo ni ìlà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó kó má baà pòórá?

Alágbẹ̀dẹ_Bàbà

Àbúrò, má tíì ṣí ìgò yẹn. Bàbà ni wọ́n pò ó fún. Lórí pátákó sákíìtì, á fara balẹ̀ jẹ bàbà jẹ́jẹ́. Alumíníọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀. Tó o bá kì í bọ inú ẹ̀ láìbomi là á, á hó yaya bí omi àmàlà, èéfín á máa rú, ooru á sì bó tónà (ẹ̀tù dúdú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà, tí a fi ń bo ibi tí a kò fẹ́ kí oògùn jẹ) kúrò lójú àpótí kí ìlà tó jinlẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí etí ẹ̀ rí jágajàga, ooru ló bà á jẹ́, kì í ṣe pé oògùn kò lágbára.

Tí kò bá sí òmíràn, da ìwọ̀n oògùn kan sínú ìwọ̀n omi mẹ́rin. Oògùn là ń dà sínú omi o, a kì í da omi lé oògùn. Gbé abọ́ rọ́bà tó wà nínú ẹ̀ sínú ọpọ́n omi tútù. Ìṣẹ́jú àáyá 30 péré ni kí àpótí lò níbẹ̀, gbé e jáde, ṣàn án, wò ó, dá a padà. Máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí èékánná rẹ á fi máa kọ́ létí ìlà.

Èyí tí mo fara mọ́ jù ni copper sulphate àti iyọ̀. Copper sulphate 100 gíráàmù, iyọ̀ ìsebẹ̀ 100 gíráàmù, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lítà kan. Po iyọ̀ kó yọ́ tán kó o tó da ìkejì sí i. Omi búlúù yẹn á di àwọ̀ ewé, má fòyà, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Abọ́ rọ́bà àti ṣíbí rọ́bà tàbí igi ni kó o lò. Ẹni tó bá pò ó sínú ìkòkò alumíníọ̀mù, ìkòkò ló ń fín yẹn.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn fún àgbẹ̀ kòkó ni kó o ti wá a, torí òun ni wọ́n ń pò mọ́ láìmù láti fi fín kòkó nígbà tí àrùn tó ń sọ pódì di dúdú bá dé. (Fín yẹn àti fín tiwa kì í ṣe ọ̀kan o, àmọ́ oògùn kan náà ni.) Ṣọ́ra ṣá. Oògùn bàbà míì wà lórí igbá kan náà tí kì í ṣe copper sulphate, tí kì í sì í yọ́ nínú omi. Èyí tó o fẹ́ jẹ́ hóró hóró búlúù bí gíláàsì. Ju hóró kan sínú ife omi. Tí omi bá di búlúù mímọ́ gaara láìsí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀, òun ni.

Omi_Gbóná

Ẹ̀gbọ́n ti sọ bí a ṣe ń ṣe é, ẹ jẹ́ n sọ ìdí. Alumíníọ̀mù máa ń wọ ẹ̀wù. Bí atẹ́gùn bá ti kàn án, awọ tín-ínrín kan á bo ojú ẹ̀, copper sulphate nìkan kò sì lè gba ara awọ yẹn kọjá. Ẹ̀yà chloride tó wà nínú iyọ̀ ló ń ya á. Tó bá ya tán, alumíníọ̀mù á wọnú omi lọ, bàbà á jáde kúrò nínú omi wá jókòó sí àyè ẹ̀ bí ìdọ̀tí pupa. Ìdọ̀tí yẹn ni kẹ́ ẹ máa gbá kúrò, torí tó bá ti bo ìlà mọ́lẹ̀, oògùn tuntun kò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́.

Ẹ ṣírò ẹ̀. Ojú 1590B tó nǹkan bíi 67 cm². Ká ní ìdajì ẹ̀ ló ṣí sílẹ̀, tá a sì fẹ́ kó jìn tó 0.1 mm, alumíníọ̀mù tó máa lọ jẹ́ gíráàmù 0.9. Ìyẹn á gba copper sulphate bíi gíráàmù 12.6, á sì lé bàbà bíi gíráàmù 3.2 jáde. Lórí ìwé, lítà kan yẹ kó fín àpótí méje. Lójú iṣẹ́, ó ti máa ń falẹ̀ gan-an kó tó dé ìyẹn. Bí àwọ̀ ewé yẹn bá ti ṣí tó sún mọ́ àwọ̀ omi lásán, agbára ti tán nínú ẹ̀.

Ohun méjì míì. Èéhó tẹ́ ẹ máa rí, gáàsì haidirojin wà nínú ẹ̀, nítorí náà ìta gbangba ni, láìsí iná nítòsí, láìdé abọ́. Ìkejì, irú àpótí yìí, mọ́ọ̀dù ni wọ́n dà á sí, sílíkọ́nù inú irú alumíníọ̀mù bẹ́ẹ̀ sì máa ń tó bíi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Oògùn kì í jẹ sílíkọ́nù. Á ṣẹ́ kù sínú ìlà bí ẹ̀tù dúdú. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó lábẹ́ omi ẹ̀rọ á gbá a lọ.

Àdìrẹ_Òṣogbo

Ẹ̀yin ará oògùn, ẹ fún aláwòrán náà láàyè.

Gìtá_Kékeré, ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ iṣẹ́ yìí ní ìdajì. Níbi tí ẹ̀kọ bá wà lára aṣọ, aró kì í dé ibẹ̀. Tónà ni ẹ̀kọ tiyín, oògùn sì ni aró. Ibi tí tónà bò á dúró gedegbe, á máa dán. Ibi tó ṣí á jìn wọnú, á sì di dúdú tẹ́ ẹ bá kùn ún lọ́dà. Ẹ wá pinnu: ṣé àwọn òpó ni kó dán lórí ilẹ̀ dúdú, bí funfun lórí búlúù nínú aṣọ, àbí òpó dúdú lórí ilẹ̀ tó ń dán? Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, òpó ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ní dúdú sórí pépà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tẹ̀ ẹ́ ní òdìkejì, wọn kì í mọ̀ títí dìgbà tí wọ́n bá ṣàn án tán.

Lẹ́yìn náà ẹ yí gbogbo ẹ̀ padà bí ìgbà tèèyàn ń wò ó nínú dígí. Òpó àti ṣíbí lè máà fi hàn pé a kò yí i, orúkọ pẹ́dà á tú àṣírí.

60 mm kò lè gba gbogbo aṣọ. Òpó mẹ́rin, 8 mm ìkọ̀ọ̀kan, ṣíbí mẹ́ta, 5 mm ìkọ̀ọ̀kan, àlàfo mẹ́fà láàárín wọn, 1.5 mm ìkọ̀ọ̀kan: àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 56 mm. 2 mm á ṣẹ́ kù ní etí méjèèjì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwòrán kan etí gan-an, torí etí àpótí yìí kákò díẹ̀, pépà kì í lẹ̀ dáadáa níbẹ̀.

Ní ti ìlà: bí oògùn ṣe ń jìn lọ sísàlẹ̀ náà ló ń jẹ wọ abẹ́ tónà láti ẹ̀gbẹ́. Tó bá jìn ní 0.1 mm, á ti jẹ 0.1 mm lápá ọ̀tún, 0.1 mm lápá òsì. Ìlà 0.3 mm á ku 0.1 mm, á sì ṣí kúrò. Ẹ má lọ sísàlẹ̀ 0.5 mm. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí aládìrẹ ń fi ìyẹ́ fà sára òpó, ẹ dín wọn kù sí mẹ́ta nínú òpó kan.

Kí tónà má ṣe ní ojú gbàràmù kan tó tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Tónà tó fẹ̀ báyẹn máa ń ní ihò wínníwínní tí ojú kò rí. Bí aládìrẹ ṣe ń fi ẹ̀kán ẹ̀kán kún ààyè tó ṣófo, ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀.

Gìtá_Kékeré

Ẹ ṣeun gan-an ni, Àǹtí. Tónà wá ń dé ojú irin báwo? Ṣé áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ á tó?

Alágbẹ̀dẹ_Bàbà

Ó tó, àmọ́ ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù. Oògùn kì í dá èèyàn lóró tó pépà.

Ìtẹ̀wé lésà nìkan ni o, ti onínkì kò ní tónà. Pa ìṣètò tó ń dín tónà kù, kó tẹ̀ ẹ́ ní dúdú tó bá lè ṣe. Pépà dídán tín-ínrín bíi ti ìwé ìròyìn aláwòrán ló dáa. Pépà fọ́tò ti ẹ̀rọ onínkì, kó o sá fún un, òmíràn ní rọ́bà lójú tí á yọ́ mọ́ inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wàá sì ra ẹ̀rọ tuntun.

Ojú àpótí tó ti mọ́ọ̀dù wá kì í tẹ́jú, bó tilẹ̀ dà bíi pé ó tẹ́. Tẹ́ sánpépà 220 sórí gíláàsì, da àpótí délẹ̀, máa fi yí bírí bírí lórí ẹ̀ títí gbogbo ojú á fi rí bákan náà. Ibi tó bá ṣì ń dán láàárín, kòtò nìyẹn, tónà kò ní kàn án. Lẹ́yìn ẹ̀ 400, kó o dúró níbẹ̀. Ojú tó bá dán jù kì í di tónà mú. Fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà acetone pẹ̀lú aṣọ funfun. Láti ìgbà yẹn, ìka kankan kò gbọdọ̀ kàn án mọ́.

Irin tó nípọn máa ń mu ooru. Nítorí ẹ̀ ni áyọ́ọ̀nù tó ń lẹ pépà mọ́ pátákó sákíìtì ní ìṣẹ́jú kan fi ń kùnà lórí àpótí. Kọ́kọ́ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná jù lọ, láìsí omi nínú ẹ̀, lé ojú àpótí fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ta ẹ̀kán omi kan sí i: tó bá ta pàràpàrà tó sì gbẹ lójú ẹsẹ̀, ó ti tó. Fi pépà lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, má fà á, má tún un tò. Tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kó o wá fi ẹ̀yìn ṣíbí tí o fi aṣọ wé fọwọ́ ra gbogbo etí. Jẹ́ kó tutù díẹ̀, rì í sínú omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àtàǹpàkò ni wàá fi ra pépà kúrò, díẹ̀díẹ̀. Òwú pépà tó bá ṣẹ́ kù nínú àlàfo á dí oògùn bí tónà ṣe ń dí i, gbá a kúrò pátá.

Fi kútẹ́ẹ̀sì tún ibi tó bá ṣí. Àwọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sẹ́lótéèpù aláwọ̀ ilẹ̀ ni, kó o fi kútẹ́ẹ̀sì dí etí téèpù. Inú àpótí náà, bò ó.

Waya_Pupa

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ sódà kọ́sítíkì? Gbogbo ẹni tó ń ṣe ọṣẹ ló ní i nílé, ó sì ń jẹ alumíníọ̀mù ju àwọn tẹ́ ẹ ń dárúkọ lọ.

Omi_Gbóná

Ó ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, ó ń jẹ kútẹ́ẹ̀sì náà. Sódà kọ́sítíkì máa ń tú ohun tí wọ́n fi ṣe kútẹ́ẹ̀sì ká, tó bá sì ti gbóná, tónà òmíràn kò ní lè dúró dè é. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń gbóná sí i, bó ṣe ń gbóná ló ń jẹ ẹ́ sí i, èéfín ẹ̀ sì ń gún imú bí ata. Ojú lèwu ẹ̀ pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá fẹ́ fi fọ epo kúrò lára irin kó tó lẹ tónà, mo gbà: ṣíbí kékeré kan nínú lítà omi tútù kan, ìṣẹ́jú kan, ṣàn án. Fún àwòrán, rárá.

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ìdáàbòbò ojú kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nínú oògùn èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Gìtá_Kékeré

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ lórí ìdérí àpótí: ìṣẹ́jú ogún nínú copper sulphate, ojú délẹ̀. Apá òsì mọ́ kedere. Apá ọ̀tún ní àmì tó rí bí ojú ilé oyin lórí òpó, láàárín sì ni àwọn róbótó kan wà tí oògùn kò jẹ rárá. Omi náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò fi lè pẹ́ lára abọ́.

Alágbẹ̀dẹ_Bàbà

Àìsàn mẹ́ta lo kó wá.

Àwọn róbótó yẹn, èéhó ni. Tí ojú bá délẹ̀ pẹrẹsẹ, gáàsì kò ríbi gbà jáde, á sá sábẹ́ ẹ̀. Da ojú sókè, kó o fi ìyẹ́ adìẹ máa gbá èéhó àti ìdọ̀tí bàbà kúrò, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ní gbogbo ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó ń fín pátákó bàbà láti fi tẹ àwòrán ti ń lo ìyẹ́ tipẹ́. Ìyẹ́ kì í ha tónà, búrọ́ọ̀ṣì á ha á. Tó bá wù ọ́ kí ojú ṣì délẹ̀, gbé ẹ̀gbẹ́ kan ga kó dà gẹ̀rẹ̀.

Ojú ilé oyin yẹn, ihò tónà ni, apá tí áyọ́ọ̀nù kò tẹ̀ tó. Wo ibi tí ihò irin áyọ́ọ̀nù wà, ibẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Máa sún áyọ́ọ̀nù, má gbé e dúró sójú kan.

Ìkẹta ni ooru. Tí ọwọ́ kò bá lè pẹ́ lára abọ́, tónà ti ń rọ̀. Má jẹ́ kó kọjá 40°C. Ọpọ́n omi tútù lábẹ́ ẹ̀, tó bá gbóná, gbé àpótí jáde kó sinmi. Ní ìwọ̀n oògùn yìí, máa wo bó ṣe jìn tó ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún dípò tí wàá fi sá lọ jẹun.

Waya_Pupa

Mo gbà lórí sódà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn tí kò rówó ra àpótí yìí. Páálí irin tó ń bo ẹ̀rọ agbára kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́ pọ̀ káàkiri Alábà, wọ́n sì dáa fún ẹ̀rọ amúgbóhùn (amplifier). Irin ni wọ́n, síńkì wà lójú wọn. Ẹ ha síńkì kúrò pẹ̀lú sánpépà títí irin á fi yọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oògùn á gbá síńkì jẹ tán kó tó kan irin, àwòrán á sì rí bí ẹ̀gbin. Lẹ́yìn ìyẹn, copper sulphate àti iyọ̀ kan náà ń ṣiṣẹ́ lára irin.

Ẹ tún lè lo iná mànàmáná: omi iyọ̀, ṣíbí ìjẹun kan nínú lítà kan, bátìrì tàbí ẹ̀rọ tó ń fún ni ní fóòlù 12 tí kò kọjá ámpù 2. Páálí irin ni kẹ́ ẹ so mọ́ ọwọ́ pósítíìfù, irin kíkékeré míì mọ́ nẹ́gátíìfù, kí wọ́n má ṣe kan ara wọn. Òórùn omi ìfọṣọ funfun tẹ́ ẹ máa gbọ́, chlorine ni, ẹ ṣe é níta. Irin tí kì í dógùn-ún, bíi ti ṣíbí àti ìkòkò olówó ńlá, ẹ má kó o sínú iṣẹ́ yìí láéláé. Kúrómíọ̀mù inú ẹ̀ máa ń di èyí tó ní májèlé gidi nínú omi náà.

Àdìrẹ_Òṣogbo

Fún páálí irin tó tóbi báyẹn, ẹ gbàgbé tónà. Àwọn tó ń gé sítíkà ọkọ̀ lè gé Ìbàdàndùn yín sórí sítíkà fáínìlì, ẹ ó kàn lẹ̀ ẹ́ ni. Ó ń dí oògùn ju tónà lọ, àmọ́ kí ìlà má ṣe dín ní 1 mm, torí ọ̀bẹ ẹ̀rọ wọn kò lè gé èyí tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ kó mọ́.

Omi tó kù ńkọ́? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Omi_Gbóná

Ẹ kú ìrántí, Àǹtí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á sí gọ́tà, kànga tàbí ẹsẹ̀ igi. Bàbà inú ẹ̀ ń pa ẹja, ó sì ń gbẹ ewéko. Ju òwú irin ìfọkòkò tàbí ìṣó tó ti dípẹtà sínú ẹ̀, ṣí i sílẹ̀, kó sùn mọ́jú. Gbogbo bàbà á jókòó sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀ pupa. Tí àwọ̀ búlúù àti ewé bá ti lọ tán, wọ́n kánún tí a ti lọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní ru mọ́. Jẹ́ kó tòrò, fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹrẹ̀ yẹn, gbẹ ẹ́, dì í sínú ìgò rọ́bà, kó o kọ orúkọ ẹ̀ sára. Ìgò omi mímu, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ má fi oògùn yìí sínú ẹ̀ láéláé, ọmọdé kì í ka lébẹ́ẹ̀lì.

Gìtá_Kékeré

Ojú gidi ti jáde, ó jìn tó èékánná ń kọ́. Ó ku ihò àti ọ̀dà.

Alágbẹ̀dẹ_Bàbà

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé pé o béèrè ihò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìfín ló ń ṣáájú. Tí ihò bá ti wà, oògùn á gbà á wọ inú, á sì jẹ etí ihò di jágajàga. Fún àpótí tó kàn: fi àmì ẹ̀kán 1 mm tó ṣí sílẹ̀ sí àárín ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan máa wà nínú àwòrán. Oògùn á gbẹ́ ẹ sí kòtò kékeré, orí díríìlì á jókòó síbẹ̀ láì yọ̀. Fún èyí tó wà lọ́wọ́, lo ìṣó líle láti lù ú.

3 mm ni gbogbo ihò fi ń bẹ̀rẹ̀. Súwíìṣì ẹsẹ̀ 12 mm, nọ́ọ̀bù 7 mm, jáàkì gìtá 10 mm, LED 5 mm tí kò bá ní òrùka, 8 mm tó bá ní. Pákó ni kó o fi sínú àpótí lábẹ́ ibi tí ò ń lù, kó má baà tẹ̀. Téèpù pépà sójú ẹ̀ kí irẹ́rẹ́ irin má ha á.

Acetone tàbí tínà á bó tónà. Fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi gbígbóná, jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Chloride tó bá ṣẹ́ kù nínú ìlà á máa yọ òwú funfun lábẹ́ ọ̀dà lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nítorí náà má dín ìṣàn kù. Fi ọ̀dà dúdú kún gbogbo ojú, dúró wákàtí 24, lẹ́yìn náà sánpépà 600 tí a fi omi rin, tó wà lórí pákó pẹrẹsẹ. Tó o bá fi ọwọ́ lásán mú sánpépà, ìka á wọ inú ìlà, á sì ha ọ̀dà jáde. Ọ̀dà aláìláwọ̀, ipele mẹ́ta tín-ínrín, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín wọn.

Waya_Pupa

Má jẹ́ kí ọ̀dà aláìláwọ̀ wọ inú àpótí o. Ara jáàkì ló ń so àpótí mọ́ ilẹ̀ sákíìtì. Tí ọ̀dà bá wà láàárín wọn, pẹ́dà á máa hùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Fi sánpépà ha òrùka kékeré kan yí ihò jáàkì ká nínú.

Àwọn tó ń fi páálí irin ṣe ẹ̀rọ amúgbóhùn tó ń gba iná NEPA, ti yín ju ìhùn lọ. Wáyà ilẹ̀ aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò gbọ́dọ̀ so mọ́ irin tó ṣí sílẹ̀ gan-an pẹ̀lú bóòlùtì tirẹ̀, kì í ṣe bóòlùtì tó di nǹkan míì mú. Fi mítà wọ̀n ọ́n láti orí púlọ́ọ̀gì dé ara àpótí. Tó bá ju òòmù kan lọ, tú u, kó o ha á dé ojú irin.